4K tí wọ́n fà gùn yàtọ̀ sí 4K gidi

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ àti Kétu, ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé gbogbo fíìmù àtijọ́ ló ṣeé sọ di 4K gidi (àwòrán tó ní 3840×2160 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n yà sórí nẹ́gátíìfù 35mm (téèpù ike tí ìmọ́lẹ̀ ń ya àwòrán sí), a lè tún nẹ́gátíìfù náà gbé sínú skánà, kí a fi rí 4K gidi. Ṣùgbọ́n Star Wars Episode II, 1920×1080 ló ti inú kámẹ́rà jáde. Bí wọ́n bá fà á gùn di 4K, kọ̀ǹpútà á kàn máa méfò píksẹ́lì ìyókù ni: ẹ wo irun àti awọ ojú dáadáa, wọ́n lè máa dán bí ike.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú rèé: bí wọ́n bá lo 35mm, tí wọ́n wá parí iṣẹ́ ní 2K (nǹkan bí ìdajì 4K ní fífẹ̀), 2048×1080 ni idán kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

3840×2160 tí fáìlì ń sọ, iye píksẹ́lì inú fáìlì nìkan ni, kò sọ bí wọ́n ṣe rí wọn. Ẹ wo «Technical specs» lórí IMDb, ojúlé ayélujára tó ń sọ nípa fíìmù. Bí «Digital Intermediate» (ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi parí fíìmù) bá jẹ́ 2K, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn fà á gùn ni.