Èrò ọkàn mi: iṣẹ́ pọ̀ fún káfíńtà olórùlé

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ káfíńtà ò jẹun mọ́. Bó bá jẹ́ òrùlé ni wọ́n ń wí, irọ́ ni. Ẹ wá káfíńtà olórùlé ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí gidi tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀. Tí òjò bá wá dé tán, ilé tuntun á dín kù lóòótọ́, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an làwọn ilé ń jò, ibẹ̀ lowó sì wà.

Ẹ wo ilé onípárápẹ́ẹ̀tì tó gbòde yìí, ìyẹn èyí tí ògiri rẹ̀ ga kọjá etí òrùlé, tó sì bo páànù mọ́lẹ̀. Ó rẹwà, n ò jiyàn, àmọ́ òun ló ń jò jù. Ojú ibi tí páànù ti kan ògiri lomi ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ kàn ń fi sìmẹ́ǹtì dí i ni. Oòrùn á mú páànù fẹ̀, òru á mú un súnkì, sìmẹ́ǹtì á là. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n gé ògiri wọlé bí ínṣì kan, kí wọ́n ki etí páànù pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ṣé páìpù oní-ínṣì mẹ́rin kan ṣoṣo wá tó fún gọ́tà ẹ̀yìn ògiri náà? Rárá o, ó kéré tán, méjì. Bí ewé bá dí ọ̀kan tí kò sí èkejì, pálọ̀ lomi ń bọ̀.

Ìjì òjò tiwa sábà máa ń ti ìlà oòrùn wá. Nítorí náà, ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti gorí ara wọn má kọjú sí atẹ́gùn. Orí ibi tó ga lára páànù ni ìṣó olóróbà ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀.

Sólà náà ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ látìgbà tí epo ti gbówó lórí ní 2023. Àwọn kan tó ń gbé e kọ́ kàn ń lu páànù níbi tó wù wọ́n, wọn ò wá igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Káfíńtà tó gbọ́n á bá wọn da òwò pọ̀.

Àmọ́ ìṣirò ló ń lé ọmọ iṣẹ́ sẹ́yìn. Ilé mítà 12 sí 10, páànù tó máa gbà ju mítà onígun mẹ́rin 120 lọ. Ẹ fi ìdajì mítà àti díẹ̀, ìyẹn 0.6, kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún etí òrùlé: 13.2 sí 11.2, ó di bíi 148. Bí òrùlé bá da gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.15, ó di 170, ẹ ò tíì ka èyí tó máa ṣòfò níbi gígé. Ẹni tó bá lè ṣe èyí lójú onílé kí wọ́n tó dúnàádúrà ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún.