Bí Òkété Bá Dàgbà: Ta Ló Mọ Bí Màmá Ṣe Sùn Mọ́jú?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló máa ń mu. Mi ò rò pé ọmọ Yorùbá kan wà tí wọn ò tíì fi òwe yìí gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Òrùlé Bàbá ń jò, òkété. Ẹgbẹ́ Màmá fẹ́ dá aṣọ Iléyá, òkété. Àwa ará Ìbàdàn tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n débi pé kí wọ́n tó pa á tán la ti máa ń sọ pé ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ jàre. Mi ò bá òwe jà o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmú yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, kí ló wà nínú ẹ̀, torí ó jọ pé a ti sọ gbogbo ẹ̀ di tírànsífà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti bá òkété yìí pàdé, àní wọn ò kàn pè é lórúkọ ni. Láwọn ọdún 1970, ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ John Caldwell, onímọ̀ nípa iye èèyàn, òun àti Pat ìyàwó ẹ̀, ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, ó wá gbé àlàyé kan jáde ní 1976 tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì títí dòní. Nígbà yẹn àwọn kan ń sọ pé àìlajú ló ń jẹ́ ká máa bímọ rẹpẹtẹ. Caldwell ní rárá o, ìṣirò ni. Níbi tí owó àti iṣẹ́ ọwọ́ bá ti ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ òbí, ẹni tó bí ọmọ mẹ́jọ ò gọ̀ rárá, ọjọ́ tí owó bá wá yí padà, tó di pé òbí ló ń ná an lórí ọmọ, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ níwọ̀n fúnra wọn. Ẹ lọ bi ẹni tó ń san school fees ọmọ mẹ́ta n'Ìbàdàn lónìí bóyá owó ò tíì yí padà. Ó ń sanwó ilé ìwé, ó ń san rẹ́ǹtì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tún ń dúró dè é lóṣooṣù, òkété ti dàgbà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọmọ òkété náà ní ọmọ lẹ́yìn tó ń ké. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jókòó síbí kí n máa sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ́ore. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbìyànjú. Ohun tí wọ́n ń fún Màmá ni mo ní ká wò.

Ní 2003 àwọn dókítà ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ló ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní Ibadan Study of Ageing. Ìbàdàn ló ń jẹ́ o, àmọ́ ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n rìn yí ká, ojúlé sí ojúlé, wọ́n bá àgbàlagbà tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ò tíì pé ẹni ọdún 65 nínú wọn, wọ́n sì tún padà lọ bá wọn láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ sí. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń jẹ́ kí ayé àgbàlagbà dùn tàbí kó korò, owó wà níbẹ̀, ara líle náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń yọjú ṣáá ni ti èèyàn: ṣé wọ́n ṣì ń pe Màmá sí ọ̀rọ̀ ẹbí, ṣé wọ́n ṣì ń lọ sípàdé, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ṣì ń yà kí wọn.

Mo rí ìyẹn mo ní háà, torí ohun tí à ń ṣe fún àwọn ìyá wa n'Ìbàdàn yìí yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ á rí já jẹ, á ní òun ò lè jẹ́ kí ìyá òun kú sí agboolé ní Fókò, á kọ́ búńgálò sí Akọ́bọ̀, fẹ́ǹsì gíga, géètì, ó ní tẹlifíṣọ̀n ó ní fíríìjì, á gbé Màmá lọ síbẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ ní Fókò, kí Màmá tó ti bálùwẹ̀ dé yàrá ni wọ́n á ti kí èèyàn mẹ́wàá, wọ́n á ti bá ọmọ kan wí, wọ́n á ti parí ìjà tọkọtaya, ẹlẹ́kọ á ti béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe wọ́n. Ní Akọ́bọ̀, máìgáàdì nìkan ni wọ́n ń rí, òun gan-an kì í gbọ́ Yorùbá dáadáa. Tí ẹ bá wá débẹ̀ ẹ máa ní Màmá ti dákẹ́ jù, wọ́n sì ti rù, kí ló dé, ṣebí gbogbo nǹkan wà nílé? Ìwádìí tí mò ń sọ yìí ló tún jẹ́ ká mọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007, pé ju ẹnì 1 lọ nínú àgbàlagbà 4 tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí láyé wọn, irú èyí tí dókítà máa pè ní àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ wá máa gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ pé depression, àìsàn òyìnbó ni.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tó yí ojú tí mo fi ń wo òwe yìí padà jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn. Ìdíkàn tá a mọ̀ yìí náà o, láàárín ìgboro. Ní 1992, àwọn dókítà wa ní UI, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun àti Adesola Ogunniyi wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Hugh Hendrie àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Indianapolis, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn ìgbàgbé, ìyẹn dementia, ṣe pọ̀ tó lára àwọn àgbà tó ti pé 65 níbí àti lára àwọn èèyàn dúdú lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fi wò ó níbi méjèèjì. Ọjọ́ orí gan-an kọ́kọ́ di wàhálà, ta ló ní ìwé ìbí nínú àwọn ìyá Ìdíkàn? Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, wọ́n ní àkọsílẹ̀ kan tó ti wà láti 1963 tí wọ́n to irú ẹ̀ sí, bí àwọn àgbà náà ṣe máa ń ṣe é pé kí wọ́n tó ṣí Mápó ni wọ́n bí mi, mo ti ń bá ìyá mi gbé igbá lọ sọ́jà nígbà ogun Hítílà.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan jẹ́ 1.35 níbí, ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Àwọn kan gbọ́ ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn, wọ́n ní àmàlà ni. Ẹ rọra o. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kéré lára àwọn ará Ìdíkàn nígbà yẹn ju ti àwọn ará ibẹ̀ yẹn lọ, ẹ wá wo àwa tá a kù lónìí, mínírà láàárọ̀, ọ̀kadà láti iwájú ilé dé ìta títì. Kò sì túmọ̀ sí pé kò sí níbí, ó wà, à ń pè é ní arán ni, tàbí ká tiẹ̀ pe ìyá onílé láàjẹ́.

Ibi tí mò ń lọ ni pé bí wọ́n ṣe ń dán àwọn àgbà náà wò, apá méjì ló ní. Wọ́n á bi Màmá fúnra wọn ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á pe ẹnì kan nínú ilé tó mọ Màmá dáadáa, wọ́n á bi òun náà: ṣé wọ́n máa ń gbàgbé ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí, ṣé wọ́n ti ṣìnà bọ̀ rí, ṣé orúkọ ọ̀rẹ́ ń fò wọ́n, ṣé wọ́n ṣì lè ṣe owó bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí ẹni tó ń bá wọn gbé wà nínú ohun tí dókítà fi ń ṣèdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ìyá kan wà ládùúgbò wa, wọ́n ta èlùbọ́ jẹun pẹ́. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sunday, Màmá á ki oríkì ẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á béèrè ìyàwó, ọmọ á gbé fóònù sílẹ̀ á ní ọpọlọ Màmá ṣì mú ju tèmi lọ. Ọmọ ọmọ tó ń bá wọn gbé ló mọ̀ pé Màmá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n tún fi sí i, tó ní "Màmá, ẹ ti fi sí i tẹ́lẹ̀," wọ́n ní "irọ́ lò ń pa". Òun ló ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lóru nígbà tí wọ́n bá ń wá fìlà ọkọ wọn tó ti kú tipẹ́. Ohun àtijọ́ kì í tètè lọ lórí ẹni tí àrùn yìí bá mú, ti àná àti ti àárọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí oríkì fi lè pé pérépéré kí ọbẹ̀ sì ti di omi òkun.

Ẹ wá lọ sípàdé ẹbí kan náà kẹ́ ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ ni. Ẹni tó ń bá Màmá gbé, ìyàwó ilé ni o, ọmọ tí ò rí iṣẹ́ ni o, àbígbẹ̀yìn tó dá ilé ọkọ sílẹ̀ ni o, òun ló ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó bá sì la ẹnu pé ó jọ pé nǹkan ń ṣe Màmá, wọ́n á ní ṣé kó lè máa gbowó sí i ni. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, gbogbo wa la mọ ìyẹn sórí, a ti ń ṣírò màlúù lọ́kàn. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn ló ń fún òkété lọ́mú jù nínú ilé yẹn, torí ó mọ bí Màmá ṣe sùn mọ́jú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókèèrè, ẹ má dá tírànsífà dúró o, Màmá á jẹun. Ẹ yọ ti ẹni tó ń tọ́jú wọn sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i tààrà, kó má di pé ó ń ṣẹ́ ẹ mọ́ owó ọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń pè é, ẹ má bi í pé "Màmá ńkọ́?", torí "wọ́n wà" náà ló máa sọ, ẹ bi í ohun tí wọ́n jẹ, ìgbà tí wọ́n sùn, ẹni tó wá kí wọn, bóyá wọ́n lo oògùn tàbí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ara bá sì ń fu yín, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ní ibi ìtọ́jú àwọn àgbà lọ́tọ̀, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012 ló ti wà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé Màmá lọ, ẹ mú ẹni tó ń bá wọn gbé dání, tẹ́ ẹ bá sì wọlé tọ dókítà lọ, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó dúró lẹ́yìn.