Èsì wa fún oníbàárà tí ẹ̀rọ CNC rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tó yẹ kó gòkè

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdánù pákó ìrókò yẹn. Mo mọ iye tí ìrókò gidi ń jẹ́ ní Bódìjà báyìí, mi ò sì lè sọ pé kí ẹ má bínú. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa. Ẹ ní ẹ̀rọ 3018 tí ẹ rà lọ́wọ́ wa, ìyẹn ẹ̀rọ CNC kékeré tí kọ̀ǹpútà ń darí láti fi irin gbẹ́ pákó, ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, tó yẹ kó gbé irin sókè kó lè bọ́ sórí lẹ́tà tó kàn, ńṣe ló gbọ̀n jìgìjìgì, tó sì rì wọnú pákó, tó fi irin la orúkọ tí ẹ ń gbẹ́ já. Ẹ ti yí software padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkan sì ti ní kí ẹ lọ ra bọ́ọ̀dù tuntun, ìyẹn pátákó iná tó ń darí àwọn mótò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù. Gbólóhùn kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tó jẹ́ kí n fura sí ibòmíràn: ẹ ní tí orí ẹ̀rọ bá wà lápá òsì, ó ń gbọ́ràn, àfi tó bá ti ń sún mọ́ apá ọ̀tún ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Software kì í mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún báyẹn. Wáyà ló ń mọ̀ ọ́n.

Mótò kékeré tó ń gbé irin sókè sódò yẹn, èyí tí a ń pè ní Z, kò dà bíi mótò fáànù tó kàn ń yí tí iná bá ti dé. Kọ́ìlì méjì, ìyẹn bàbà tí a wé jọ, ló wà nínú rẹ̀, wáyà méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí wáyà mẹ́rin lára rẹ̀. Bọ́ọ̀dù á fún kọ́ìlì kìíní níná, á fún ìkejì, á wá yí ojú iná ti kìíní padà, lẹ́yìn náà ti ìkejì. Bí wọ́n ṣe ń gbà á fún ara wọn báyìí ni mótò ń gbẹ́sẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ẹsẹ̀ 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ṣíwájú nínú àwọn méjèèjì ló ń pinnu bóyá yóò gòkè tàbí yóò sọ̀kalẹ̀. Tí wáyà ẹyọ kan bá wá já, kọ́ìlì kan ti kú nìyẹn. Èyí tó kù á máa fà, á máa tì, ṣùgbọ́n kò ní ẹnì kejì tí yóò júwe ọ̀nà fún un mọ́. Á gbọ̀n, á sì lọ síbi tó bá bọ́ sí. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn.

Ẹ lè wo wáyà náà kí ẹ má rí àpá kankan lára rẹ̀. Lórí 3018, mótò X (tòsì-tọ̀tún) àti Y (tiwájú-tẹ̀yìn) dúró sójú kan, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ ló gbé mótò Z dání, wáyà rẹ̀ sì ń bá a rìn lọ rìn bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tó ti wọnú pulọ́ọ̀gì ló máa ń kán sí: bàbà inú rẹ̀ á gé, rọ́bà ara rẹ̀ á wà digbí. Nígbà tí orí bá wà lósì, ojú bàbà méjèèjì ṣì ń kan ara wọn. Tó bá na wáyà lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á yà.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ pa iná, kí ẹ yọ wáyà USB pẹ̀lú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ wáyà mótò lára bọ́ọ̀dù nígbà tí iná bá wà lórí rẹ̀ láé, nítorí ó lè jó ṣíìpù tó ń darí mótò náà, bọ́ọ̀dù á wá bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ fi ọwọ́ yí Z títí irin yóò fi wà láàárín, kó lè ráyè lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí orí ẹ̀rọ lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀tún. Ẹ wá yọ pulọ́ọ̀gì X àti ti Z, kí ẹ fi ti Z sí ihò X lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ tan iná, kí ẹ ní kí X rìn mìlímítà 5. Z ni yóò rìn. Tó bá rìn geere, tí ẹ rọra mi wáyà lẹ́bàá pulọ́ọ̀gì tí kò sì kọsẹ̀, a jẹ́ pé ihò Z lórí bọ́ọ̀dù ló ní àrùn, àwa la ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ pa iná, kí ẹ fi wáyà X so mótò Z. Bó bá dákẹ́, wáyà ni.

Ẹni tó bá ní mítà tí a fi ń yẹ iná wò lè fi wọn kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí pulọ́ọ̀gì ò bá sí lára bọ́ọ̀dù: dúdú àti àwọ̀ ewé jẹ́ ọ̀kan, pupa àti búlúù jẹ́ ìkejì lára mótò tí a ń tà. Óòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́) díẹ̀ ló yẹ kó kà. Ẹni tí kò ní mítà, kó fi wáyà kékeré pa ojú méjì kọ́ìlì kan pọ̀, kó sì fi ọwọ́ yí mótò. Yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá le ni wáyà rẹ̀ ti já.

Nítorí pé ẹ ti yí software padà, ẹ kọ $$ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, kí ẹ wo ìlà $102, èyí tó ń sọ iye ẹsẹ̀ tí Z ń gbé kó tó rìn mìlímítà kan. 800 ló yẹ kó wà níbẹ̀: ẹsẹ̀ 200, tí bọ́ọ̀dù pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 16, jẹ́ 3,200, ọ̀pá onítẹ́ẹ̀dì sì ń rìn mìlímítà 4 nígbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti yàtọ̀, lẹ́tà yín á jìn jù tàbí kó má jìn tó, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ẹ̀rọ máa gbọ̀n ní apá ọ̀tún nìkan. Ẹ tún wo síkúrù kékeré tó di mótò mọ́ ọ̀pá. Tí kò bá le, mótò á máa yí, ọ̀pá á dúró.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí, tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹ̀rọ yín ń dá dúró lójijì tí láptọ́ọ̀pù sì ń sọ pé òun ò rí i mọ́, tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ẹ lo wáyà USB tó kúrú, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí wáyà orí tó ń yí. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀pá rọ́bà tí ẹ fi ń fa ìyẹ̀fun igi pẹ̀lú máa ń kó iná jọ sára, ìyẹn náà sì lè fa irú ìdádúró yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí àwa ti kùnà rèé: a kò fi ìdè kankan di wáyà Z mọ́ orí ẹ̀rọ kí a tó fi ránṣẹ́ sí yín, ìwé inú páálí kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Nígbà tí a rí ohun tí ẹ kọ, a ṣí ẹ̀rọ mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ wa, a sì ti ń di wáyà gbogbo wọn. Wáyà tuntun mẹ́ta, ìdè rẹ̀ àti pákó ìrókò kan tó tó ìwọ̀n tiyín ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, a ti san owó ọkọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ dá ẹ̀rọ padà, ẹ fún ẹni tó gbé wáyà wá, owó yín á pé. Ẹ ṣáà má yọ wáyà àtijọ́ kí ẹ tó pa iná.