Kì í Ṣe Róòmù Nìkan Ló Ni Baroque

Lọ́dún 1665, Ọba Louis kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé ránṣẹ́ pe Gian Lorenzo Bernini, ọ̀gá nínú gbígbẹ́ ère àti yíya àwòrán ilé, láti Róòmù, pé kó wá ya bí ojú ààfin Louvre ní Paris yóò ṣe rí. Bernini ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn yíká Yúróòpù. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ó padà sílé tán ni wọ́n bá pa iṣẹ́ náà tì. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí wọn, ògiri ń yọ síta, ó tún ń tẹ̀ wọnú. Ohun tí àwọn ọmọ Faransé, Perrault, Le Vau àti Le Brun, wá ṣe síbẹ̀ ní tiwọn ni òpó méjì-méjì tó tò lọ gbọnrangandan, bí ọmọ ogun tó dúró de ọba.

Ìtàn yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé iṣẹ́ Róòmù ni Baroque, àṣà ọnà àti ilé kíkọ́ tó gbòde ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, pé àwọn yòókù kàn ń sín Róòmù jẹ ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí Ìjẹ̀bú ṣe ń sọ Yorùbá kọ́ ni Èkìtì ṣe ń sọ ọ́, síbẹ̀ ta ló máa ní Èkìtì ń sín Ìjẹ̀bú jẹ?

Lóòótọ́, Róòmù ló kọ́kọ́ pilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní Trent láàárín 1545 sí 1563, àwọn aṣáájú ìjọ fẹ́ kí àwòrán àti ère máa wọ ọmọ ìjọ lákínyẹmí ara, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè rí ìyà Jésù kó sì sunkún. Caravaggio, ayàwòrán kan, wá gba ọ̀rọ̀ yìí kọjá ibi tí wọ́n fojú sí. Ó ya àwọn ẹni mímọ́ bíi tálákà tí ẹsẹ̀ wọn dọ̀tí, ó fi òkùnkùn bo ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán, ó wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo là á kọjá. Nígbà tó ya ikú Màríà, àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì tó yà á fún kọ̀ ọ́. Rubens, ayàwòrán ọmọ Antwerp tó wà ní Ítálì nígbà náà, ló gba ọ̀gá rẹ̀, olóyè ìlú Mantua, níyànjú pé kó rà á. Ẹ wò ó báyìí: ará Antwerp ló mọyì ohun tí àwọn ará Róòmù tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àní Róòmù fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu kan. Idẹ, wúrà àti òkúta mábù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni Bernini fi ń ṣọlá. Borromini, ayàwòrán ilé míì ní Róòmù, ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì San Carlo lọ́dún 1638, ní igun òpópónà kan tí ilẹ̀ rẹ̀ há gádígádí, fún àwọn àlùfáà tí kò lówó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àwòrán inú rẹ̀ wò. Funfun ni látòkè délẹ̀. Ògiri rẹ̀ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi àgbélébùú àti ihò onígun mẹ́fà àti onígun mẹ́jọ ṣọnà sí abẹ́ òrùlé rẹ̀ rìbìtì, tí wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè, kí òrùlé náà lè dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe ga lọ. Kò sí wúrà níbẹ̀ tó máa gba ojú ẹni. Ọgbọ́n ìṣirò ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n mú ilé kan ṣoṣo nínú gbogbo Baroque, òun ni màá mú.

Ní Sísílì, erékùṣù kan ní Ítálì, ilẹ̀ ríri ló kó wọn débẹ̀. Lọ́dún 1693, ó wó ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Nígbà tí wọ́n tún wọn kọ́, Catania lo òkúta dúdú tó ti inú òkè oníná Etna jáde, Noto lo òkúta tó ní àwọ̀ oyin. Àkókò kan náà ni, erékùṣù kan náà ni, àmọ́ ẹni tó bá ti dé ìlú méjèèjì kò ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Ẹ wá gba Bavaria ní Jámánì lọ. Láàárín 1745 sí 1754, Dominikus Zimmermann kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Wies sí àárín pápá, níbi tí màlúù ti ń jẹko. Lóde, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ nǹkan kan. Wọlé báyìí, o rò pé ọ̀run là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, igi àti pílásítà ni púpọ̀ nínú ohun tí ojú ń rí níbẹ̀, tí wọ́n kùn tí wọ́n sì dán títí tó fi ń tàn. Àdúgbò Wessobrunn ni Zimmermann ti wá, níbi tí iṣẹ́ pílásítà ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá, tí bàbá ń kọ́ ọmọ. Àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Àwọn kan á ní Rococo, àṣà ọnà tó tẹ̀lé Baroque, nìyẹn, kì í ṣe Baroque mọ́. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n lójú tèmi.

Ibi tí àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù ni Hóláǹdì. Lọ́dún 1566, àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, aṣáájú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, wọ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri, wọ́n fọ́ ère, wọ́n fa àwòrán ya. Lẹ́yìn náà, ẹfun lásán ni ara ògiri. Ayàwòrán kan, Saenredam, wá ya inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì funfun wọ̀nyẹn, òfìfo àti ìmọ́lẹ̀ nìkan, ó sì rẹwà débi pé èèyàn á fẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú rẹ̀. Ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀ṣì ò gbéṣẹ́ fún mọ́ ní láti wá oníbàárà míì, làwòrán bá wọ yàrá oníṣòwò. Rembrandt, ìlúmọ̀ọ́ká ayàwòrán Hóláǹdì, kò dé Ítálì rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Lastman, ti dé ibẹ̀, àwọn ará Utrecht bíi Honthorst náà sì ti gbé òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ Caravaggio bọ̀ láti Róòmù. Rembrandt sọ ọ́ di ti Amsterdam: nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti 1642, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ìlú ló ń jáde bọ̀ láti inú òkùnkùn, kì í ṣe ẹni mímọ́, owó ara wọn ni wọ́n sì fi san án. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìyẹn kì í ṣe Baroque, kó sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Sípéènì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọkàn mi jù. Velázquez, ayàwòrán ọba Sípéènì, ní ẹrú kan tó tan mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà, Juan de Pareja, tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń kun àwòrán. Lọ́dún 1650, ní Róòmù, Velázquez ya àwòrán rẹ̀: ó gbé orí sókè, ó ń wo èèyàn lójú kòrókòró, bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò tún sìn ín fún ọdún mẹ́rin sí i. Pareja di ayàwòrán gidi. Lọ́dún 1661, ó ya bí Jésù ṣe pe Mátíù, ó fi ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú ìwé dání, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé náà. Iṣẹ́ náà wà ní Prado, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Madrid, títí dòní. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá dárúkọ ọ̀gá tí wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Potogí ló wá gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Táìlì aláwọ̀ búlúù àti igi tí wọ́n fín, tí wọ́n fi wúrà bò, ni wọ́n fi ń sọ èdè tiwọn. Wọ́n gbé e sọdá òkun lọ sí Bahia ní Bùràsíìlì, ibi tí wọ́n ti kó àìmọye ọmọ Yorùbá lẹ́rú. Ní Pelourinho, àdúgbò kan níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário tiwọn lọ́dún 1704. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa padà wálé, iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn la pè ní Àgùdà, orúkọ kan náà tí a fi ń pe ìjọ Póòpù. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. Ní Porto-Novo, àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì ṣe ojú rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tó bá wò ó lókèèrè á búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni, àfi tó bá gbọ́ ìpè ìrun.