Bárékè kọ́ lẹ ti rí i: ohun tí àwa ọ̀gá oníṣòwò ń ṣì mú lára sójà

Ní Ìjẹ̀bú níbí, bí ọ̀gá kan bá ń jágbe mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń yìn ín pé, "Bíi ti sójà ló ń ṣe é, ìyẹn niṣẹ́ rẹ̀ fi ń lọ." Wọ́n á tún fi "obey before complain", ìyẹn ni pé kọ́kọ́ ṣe é kí o tó ráhùn, tì í lẹ́yìn, bí ẹni pé inú ìwé òfin ológun ni wọ́n ti kà á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ gàrí ni mò ń ṣe, ní ọ̀nà Òdogbolú, èèyàn mọ́kànlá ló ń bá mi ṣe é. Mo fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù mi, torí mo rò pé ìbẹ̀rù ló ń mú iṣẹ́ yá.

Ẹni tó mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kíkan rẹ̀ niyì rẹ̀. Bí a bá rin gbáàgúdá tán, a ó dì í sínú àpò, a ó jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kí a kù ú, kí a wá yan án. Kì í ṣe torí adùn nìkan la ṣe ń dúró dè é. Májèlé wà nínú gbáàgúdá, bó bá sì ṣe ń kan ni májèlé náà ń dín kù. Iná agbada á tún dín in kù sí i.

Lọ́dún kan, oníbàárà mi kan ní Èkó ń kánjú, ogójì àpò ló fẹ́. Gbáàgúdá tó wà nílẹ̀, àná ni a rin ín. Mo ní kí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n máa yan án. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn ayangàrí bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí imú, ó wò mí, ó sì la ẹnu. Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ ṣe." Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó dà á sínú agbada. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìró igbá lára agbada nìkan ni mò ń gbọ́.

Gàrí náà padà wá bá mi láti Èkó. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oníbàárà náà ò sì tún yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá yẹn mọ̀, àwọn mẹ́wàá yòókù mọ̀, ẹnu wọn ni mo ti fọwọ́ ara mi dí.

Mo ní àbúrò bàbá kan tó fi ipò sájẹ́ǹtì fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tí mo ròyìn fún un, tí mo ní bíi ti bárékè ni mo ṣe ń darí iṣẹ́ mi, inú bí i. Ó ní, "Bárékè wo? Ojú títì lo ti rí sójà, o ò rí wọn níbi iṣẹ́ rí."

Òótọ́ ni. Ojú títì la ti mọ sójà. Ní 1984, nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon, tí wọ́n ń gbógun ti ìwà àìníjàánu (War Against Indiscipline), sójà ló ń fi kòbókò tò wá ní ibùdókọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ohun tí àwọn baba wa rí nìyẹn, òun ni wọ́n sì gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí sójà ṣe ń ṣe sí ará ìlú lójú títì kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀gá ológun bí a ṣe ń darí ọmọ ogun.

Ẹ jẹ́ ká mú òfin wọn gan-an. Òfin tó de àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kò sọ pé kí sójà ṣe gbogbo ohun tí ẹnu ọ̀gá bá ti wí. Àṣẹ tó bófin mu ló ní kò gbọ́dọ̀ kọ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Gowon, olórí ìjọba ológun, fún àwọn ọmọ ogun ní ìwé ìlànà: wọn ò gbọ́dọ̀ pa aláboyún, wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọdé, ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ẹrù oníẹrù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló tẹ ìlànà náà lójú nínú ogun yẹn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní 1968, àwọn ológun kan náà yìnbọn pa lẹ́fútẹ́náǹtì wọn kan ní gbangba, torí pé ó pa ẹni tó ti wà ní ìgbèkùn rẹ̀. Ọ̀gá ni, wọn ò sì tìtorí ipò rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ipò nìkan kò tilẹ̀ mú kí wọ́n gbọ́ràn. Ẹ wo Bìrìgédíà Babafemi Ogundipe, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tiwa níbí. Nígbà tí wọ́n pa Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ní oṣù Keje 1966, kò sí ẹni tí ipò rẹ̀ ga tó tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà mọ́. Ó pàṣẹ, wọn ò dá a lóhùn. Gowon tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló di olórí ìjọba, Ogundipe sì lọ ṣojú Nàìjíríà ní London. Ọ̀tẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló dá a sílẹ̀, n kò dá a lẹ́bi rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbọ́ tí ọ̀gá kan ń sọ pé, "Èmi ni ọ̀gá, dandan ni kí wọ́n ṣe é," ọkàn mi a lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìràwọ̀ wà léjìká rẹ̀, wọn ò sì gbọ́.

Àwọn kan á ní, bí ìbọn bá ń dún, ṣé àkókò wà láti jiyàn? Kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ìbọn tó dún ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ ogun mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún. Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí kò mọ ohun tí a rán an níṣẹ́ fún, ibo ni yóò ti rí tọmọ fi jẹ́? Èmi kò sọ fún ìyá yẹn rí pé ogójì àpò náà ṣe pàtàkì sí mi torí kí oníbàárà yẹn lè máa padà wá. Ká ní ó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá dá mi dúró. Àti pé ìbọn kankan ò dún ní ọ̀nà Òdogbolú lọ́jọ́ yẹn.

Àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi ní ohun méjì tí mò ń lò báyìí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ṣe ìdánrawò tán, wọ́n á jókòó, wọ́n á bi ara wọn pé: kí la fẹ́ ṣe, kí ló wá ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la máa yí padà? Kékeré a máa sọ àṣìṣe ọ̀gá níbẹ̀, ọ̀gá ò sì ní fi ìyẹn dè é. A ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, lórí àpótí, nígbà tí agbada bá ti tutù. Sátidé mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ní ìkarùn-ún, ọmọkùnrin tó ń wo ẹ̀rọ ìrin ní bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà ti ń ya láti oṣù tó kọjá, ẹ̀rù ló ń ba òun láti wí. Ìka ọwọ́ èèyàn ni ìbá bá a lọ.

Èkejì ni ti oúnjẹ: láàárín àwọn Marines, ẹ̀ka kan nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ, ọ̀gá a jẹ kẹ́yìn. Lóṣù tí ọjà ò bá lọ, owó àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń kọ́kọ́ yọ báyìí. Kò rọrùn, ìyàwó mi mọ̀.

Nígbà tí Iléyá tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń múra Ojúde Ọba, oníbàárà kan tún dé pẹ̀lú ìkánjú. Mo wọlé lọ bá ìyá. Ó ti àpò kan ṣí, ó bu díẹ̀, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ọ̀gá, kò tíì kan." Ibi tí mo dúró sí níwájú rẹ̀ ni mo ti pe oníbàárà náà, mo ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀.