Ẹ Má Gbé Ọmọ Jòjòló Sórí Kúṣìnì Nítorí Àlejò Mọ́!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa, àfi ká là á mọ́lẹ̀. Bí ìnáwó bá ti ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn báyìí, ìbáà jẹ́ ìsìnkú àgbà lágboolé kan l'Ọ́jà'ba, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó ní Bódìjà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ Iléyá, ohun kan náà ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni àlejò á kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá àwọn dúró lójú ọ̀nà Èkó. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Bàbá ilé á bẹ́ dìde: "Ẹ wọ yàrá lọ, Mà. Ẹ̀yin ò lè sùn nílẹ̀ láéláé." Ta ló wà nínú yàrá ọ̀hún? Abiyamọ àti ọmọ oṣù méjì. Nínú ilé oníyàrá kan àti pálọ̀ kan, ibo ni wọ́n fẹ́ kí àwọn yẹn gbà? Wọ́n á gbé ọmọ sórí kúṣìnì, wọ́n á fi ìrọ̀rí sé e, gbogbo ilé á sùn. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́ tí ọmọ ò mí mọ́, wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Kúṣìnì ni!

Ẹ wo kúṣìnì yìí dáadáa. Ibi ìjókòó rẹ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kàn án kí ẹni tó jókòó lè fẹ̀yìn tì. Fóòmù inú rẹ̀ ti rọ̀, ìdí àgbà ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi jìn kòtò láàárín. Bí ẹ bá tẹ́ ọmọ lé e, ara rẹ̀ á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tí ìjókòó ti pàdé ìfẹ̀yìntì, ibi tí rìmóòtù àti kọ́kọ́rọ́ máa ń há sí nínú gbogbo ilé. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ á ti rì sínú fóòmù. Ọrùn ọmọ oṣù méjì ò tíì gbó débi tí yóò fi gbé orí kúrò lára ohun tó dí i nímú. Kò sì ní ké, torí afẹ́fẹ́ tí ìbá fi ké ò sí. Kí àgbàlagbà wá sùn tì í lórí kúṣìnì kan náà, ìyẹn ló burú jù, torí ara àgbà ni yóò tì í wọ inú àlàfo yẹn. Àwọn mìíràn á fa àga méjì kojú síra, wọ́n á ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀dì. Lórí táìlì, àga ń yọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kàn ta lásán, àga ti yà, ọmọ ti há sáàárín.

Àwọn mìíràn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á ní: "Ẹ gbé e wá sí àárín wa níbí." Rárá o! Ẹni tó jó títí ilẹ̀ fi ṣú, tó mu ìgò ọtí méjì, tàbí tó lo oògùn ọ̀fìnkìn tó ń kun ni lóorun, kì í mọ̀gbà tí apá rẹ̀ bá bọ́ lé ọmọ láyà. Omi tútù là ń fi ṣe àlejò, oúnjẹ là ń fi ṣe àlejò. Ibùsùn ọmọ kọ́. Bí ilẹ̀ bá le fún àgbà, ẹ̀yìn á kàn ro ó di ọ̀sán ọ̀la ni. Àgbà lè yíra padà, ọmọ ò lè yíra.

Ohun tó ń bíni nínú jù ni pé ibùsùn tó yẹ ọmọ ò wọ́n rárá. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta fóòmù, ẹ ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 4 lóòró, kó nípọn tó íǹṣì 4. Ẹ sọ fún wọn pé èyí tó le lẹ fẹ́. Wọ́n á fẹ́ ta èyí tó rọ̀ fún yín, wọ́n á ní ọmọ ni yóò sùn lé e, kó rọ̀ ọ́ lára. Ẹ má gbà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò: bí ojú ọwọ́ yín bá ṣì hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọmọ yóò ṣe rì sí i.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ dànù. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ó sọ èyí? Wọ́n á fi ọ̀rá náà sílẹ̀ nítorí ìtọ̀, kí fóòmù má baà rùn, wọ́n á wá ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ó ń mú ara ọmọ gbóná, bó bá sì ya, ìwọ̀nba ègé kékeré tó lẹ̀ mọ́ imú ti tó. Rọ́bà tó nípọn tí wọ́n ń tà fún abiyamọ ni kí ẹ fi bo fóòmù, kí ẹ wá ta aṣọ òwú yáàdì 2 lé e. Aṣọ oníbùú íǹṣì 45 á ká fóòmù yẹn láti òkè dé ẹ̀gbẹ́, á sì ṣẹ́ kù bí íǹṣì 6 tí ẹ ó kì sábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní kókó lábẹ́, kó le bí awọ ìlù. Aṣọ tí ọwọ́ ọmọ bá lè fà sókè ò tíì dára tó.

Ẹní ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì ń tutù lóru ọyẹ́. Fóòmù á wá tẹ̀ lé e, níbi tí ọwọ́ ìyá lè dé láìdìde. Ẹ má tì í mọ́ ògiri pátápátá pẹ̀lú èrò pé ògiri á dá a dúró, torí fóòmù máa ń sún, àlàfo á ṣí, ọmọ á sì yọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ fi àyè ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀. Kó má sì sí lójú ọ̀nà tí àlejò ń gbà lọ sílé ìtọ̀ lóru nígbà tí iná ọba ti lọ. Kí wáyà ṣájà àti kọ́tìnnì jìnnà sí i. Ìrọ̀rí? Ẹyọ kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ọmọ tó wà nílẹ̀, ibo ló fẹ́ ṣubú sí?

Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà kan á dìde lóru, á dojú rẹ̀ dé, á ní kí èébì má baà fún un lọ́rùn. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù, bí inú tilẹ̀ ń bí yín: bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀, èébì á ṣàn padà síbi tó ti wá. Bó bá dojú dé, ọ̀nà èémí ló bọ́ sísàlẹ̀. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń kéde pé kí ọmọ má dojú dé sùn mọ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ikú òjijì ojú oorun láàárín àwọn ọmọ ibẹ̀ dín sí bí ìdajì. Àwọn náà ní ìyá àgbà!

Káńfọ̀ ńkọ́? Àlejò á tú àpótí, á fa aṣọ tó ti wà nínú káńfọ̀ láti ọdún èṣí yọ, á fi bo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má fọ́, ò tó lára wọn. Òórùn káńfọ̀ yìí máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú á dé, ẹyinjú á di yẹ́lò. Bó bá le, á dé ọpọlọ, á sì lè gba etí ọmọ. Aṣọ káńfọ̀ ò gbọdọ̀ kan ọmọ tuntun, ì báà jẹ́ aṣọ òkè ìdílé.

Ẹ̀fọn ń jẹ yín, ẹ sì ní kí wọ́n fọ́n òtápíàpíà sí yàrá kí wọ́n tilẹ̀kùn? Nínú yàrá tí ọmọ ń mí sí? Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta. Ooru ń mú yín, ẹ wá ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ojú fèrèsé kí òjò má baà pa á? Gáàsì tó ń pani nínú èéfín yẹn kì í rùn, ọmọ àti àgbà ló ń kó lọ pọ̀ lójú oorun.

Ẹ̀yin bàbá ilé, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́ yìí jù. Bí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àlejò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè sùn nílẹ̀ sùn nílẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ sórí ẹní. Àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ẹ pe ilé kí ẹ tó kọjá Ṣàgámù, kẹ́ ẹ sì ká ẹní tiyín dání.