Ẹ fún wa ní ọ̀nà ẹsẹ̀ létí omi Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lánàá. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn létí òkun ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù ibẹ̀ tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etíkun rẹ̀ lé ní 100 kìlómítà. Ọ̀nà náà ò fẹ̀ rárá. Ibì kan jẹ́ ẹrẹ̀, ibì kan jẹ́ koríko, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ oko olóko kọjá. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹbí ń kí wọn pé wọ́n kú ìgbádùn. Èmi ò lè kí wọn, inú ló ń bí mi, kì í sì í ṣe ìlara. Èkó ni wọ́n bí mi sí. Erékùṣù ni Èkó, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ la sì ń kì í. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti lè rìn létí omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lónìí láì sanwó, láìsí gáàdì tó máa dá a padà?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì tún ń dà á láàmú. Dókítà ní kó máa fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀. Òkè Pópó ló ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: gọ́tà tí ò ní ìdérí, mọ́tò tí wọ́n gbé sórí ibi tó yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, ọmọlanke lẹ́yìn, dáńfó níwájú. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí òun ti lè rí òkun. A wọ mọ́tò, ó di Victoria Island.

Ibi tá a sọ̀ kalẹ̀ sí, a ti ń gbọ́ ariwo ìgbì. Mo tiẹ̀ rí iyanrìn látọ̀ọ́kán, lẹ́yìn géètì kan. Gáàdì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀yẹn. Ó ṣí fìlà, ó kí Màmá bí ọmọ gidi ṣe ń kí ìyá rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ẹ̀ lè gba ibí."

Màmá ní, "A ò wọlé ẹnikẹ́ni o. Etí omi lásán la fẹ́ dé."

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Ọ̀gá wa ló ní ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe ará ibí ò gbọdọ̀ kọjá." Ó wá fojú tọ́ka sí kámẹ́rà tó wà lórí òpó. Ó sáré gbé àga oníke tóun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé wá fún Màmá kó fi sinmi. Màmá jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, ó sì bi í léèrè pé, "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Bó o bá ṣíwọ́, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kó o dé etí omi ọ̀hún?"

Ó ní, "Rárá, Màmá. Àwa náà kì í débẹ̀."

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tó ti ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọmọ Òkè-Ògùn ni. Òkun ò ju ibi tí èèyàn lè sọ òkúta dé lọ, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan án rí.

Nígbà tá à ń padà bọ̀, Màmá ò sọ̀rọ̀ gáàdì mọ́. Marina ló ń sọ. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn èèyàn á jókòó sábẹ́ igi létí ọ̀sà, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ojú omi. Marina tòótọ́ ni nígbà yẹn, omi wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n da iyanrìn sínú ọ̀sà, tí wọ́n la títì mọ́tò sórí rẹ̀, omi sì jìnnà sí àwọn ará ìlú. Títí dòní, bẹ́ ẹ bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ Church, mọ́tò àti afárá lẹ máa rí kẹ́ ẹ tó rí omi.

Bar Beach, etíkun tó wà ní Victoria Island tẹ́lẹ̀, ni tèmi. Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ rántí. Ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ Iléyá, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbẹ̀: ẹṣin tí wọ́n ń gun kiri, àgbọn, àgbàdo sísun, súyà. Lọ́wọ́ òwúrọ̀, àwọn aládùúrà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, á tan àbẹ́là sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú iyanrìn kí atẹ́gùn má bàa pa á. Kò sẹ́ni tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn odi òkúta tí ìjọba òyìnbó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé ló dí ọ̀nà iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Apá ibi tí iyanrìn ti ń dé wá ń sanra, Bar Beach ń rù, omi sì ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Nǹkan ní láti ṣe, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n da iyanrìn sókun, wọ́n fi odi òkúta yí i ká, wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic lé e lórí. Àwọn kan á ní odi yẹn ló gba Victoria Island lọ́wọ́ omi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ní kí Bar Beach bá a lọ?

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ òpópónà Èkó sí Calabar dé ni ojú mi là pátápátá. Ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, 700 kìlómítà létí òkun, láti Victoria Island gan-an. Gbogbo ọdún tá a ti ń béèrè ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé kò sílẹ̀, ilẹ̀ ti ní olówó. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ kọjá, ilẹ̀ wà. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wó ilé ìgbafẹ́, wọ́n ní ti ìjọba àpapọ̀ ni etíkun. Bó bá jẹ́ ti ìjọba lóòótọ́, ti gbogbo wa ni. Ìwọ̀n mítà mélòó ni ẹsẹ̀ èèyàn ń gbà?

Ẹ má sọ fún mi pé ará Èkó kì í rìn. Ẹ lọ sórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tọmọdé tàgbà, bàbá pẹ̀lú ìyàwó, ẹgbẹ́ asáré tó wọ aṣọ kan náà, gbogbo wọn ń fa èéfín mọ́tò símú nítorí pé orí afárá yẹn ni wọ́n ti lè rí omi lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ò sì béèrè fún ohun ńlá. Mi ò béèrè fún interlock, mi ò béèrè fún iná aláràbarà àti igi ọ̀pẹ olówó iyebíye tí gómìnà á wá gé ríbọ́ọ̀nù síwájú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró létí omi, láti Oníkan yí Ìkòyí ká dé Victoria Island, tí òfin bá ti sọ pé kò sí ẹni tó lè fi géètì dí i, ó ti tó. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 2009 ló la ọ̀nà etíkun Ẹ̀ńgláńdì. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n lè kọ ọ́ sínú ètò pé bí òkun bá jẹ ilẹ̀, kí ọ̀nà náà sún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí òkun ń jẹ bíi tiwa gan-an ni irú òfin bẹ́ẹ̀ yẹ. Ní Oníkan yìí kan náà, nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ̀ láti kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún ọmọ Èkó, Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1928. Ó mọ̀ pé omi tó yí wa ká, tiwa ni.

Mo ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi síbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo bá ìyá kan tó ń ta ẹja díndín létí ọ̀sà, oníbàárà rẹ̀ ni mí, sọ gbogbo èyí. Mo rò pé á bá mi dá sí i. Ó yí ẹja inú epo padà, ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà yẹn tán, àwa ńkọ́?"

Mo dákẹ́, torí mo mọ ohun tó ń rò. Ní oṣù January ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní Tarkwa Bay, àdúgbò kan létí òkun Èkó, ìbọn ni wọ́n fi ń lé wọn, ọ̀pọ̀ ò ráyè kó ẹrù. Wọ́n ti lé àwọn ará àdúgbò Otodo Gbame ṣáájú ìyẹn, létí ọ̀sà ni àwọn náà wà. Ní ìlú yìí, bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ tún etí omi ṣe, ẹni tó ń fi etí omi jẹun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Ọ̀nà tí mo ń béèrè kí Màmá lè rìn, wọ́n lè fi ṣe àwáwí láti da agbada ìyá yìí nù.

Mo ṣì fẹ́ ọ̀nà náà o. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ bí ó bá jẹ́ pé orí ibi tí wọ́n ti lé ìyá yìí kúrò la máa máa tẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin ilẹ̀ àti òfin omi lórí Facebook yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i: báwo la ṣe lè kọ òfin ọ̀nà yìí tí apẹja àti ẹlẹ́ja á fi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé?